Ìrọ̀rí Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́

Ìrọ̀rí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi,
èyí tí Fápohùndà ki òwú àràbà sí nínú,
tí ó fi okùn rọ́bà dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere
kí irin má baà ha aláìsàn nídìí.
Ìyá mi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá a sórí àpáta,
síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀ ẹnì kan kò kúrò lára rẹ̀,
ó pọ́n rúsúrúsú bí obì tí a gé jẹ tí a gbàgbé.
N ò mọ ẹ̀jẹ̀ ta ni.
Òun náà kò béèrè.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni ilé wa,
níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè, tí ó tún ń gòkè,
tí èèyàn ń fi orúnkún kí òkè
kí ó tó dé ojúde baba tó bí i.
Ẹni tí kò ní ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹṣin rẹ̀.
Ẹni tí ibà bá ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀,
Fápohùndà ni.

Wọ́n á kan fèrèsé lóru.
Kì í bi wọ́n pé ta nì yẹn, kì í bi wọ́n pé èló.
"Ẹ rọra gbé e jókòó," ó parí.
Kì í gun kẹ̀kẹ́ náà bí ará yòókù ti ń gun tiwọn,
títì ni ó ń tì í,
ọwọ́ kan lórí bíréèkì, ọwọ́ kan lẹ́yìn aláìsàn,
ó ń sọ̀rọ̀ iṣu, ó ń sọ̀rọ̀ òjò,
ó ń sọ ti ewúrẹ́ tí ó jẹ ẹ̀wù àlùfáà
kí ẹni ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ má baà sùn.

Kì í ṣe ẹni mímọ́ o.
Bí o bá wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti jí ọmọ ayò rẹ.
Ó gbé Ìbàdàn fún ọdún mẹ́fà,
"ulé" ni ó ń pe ilé títí ó fi kú,
ó sì ń bá ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jà.

Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí ní Adó-Èkìtì
mo fi àga kan pamọ́ fún un, mo fi ìborùn mi bò ó.
Wọ́n kó gbogbo àga tán, tirẹ̀ ló kù.
Alẹ́ ni ó tó wọlé, amọ̀ dé orúnkún rẹ̀,
ó ní obìnrin kan ló ń rọbí ní oko.
Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n rí ni?"
Ó ní, "Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí."
Mo bínú fún oṣù kan gbáko.
Oṣù yẹn ni mo ń kà lónìí
bí ahun ti ń ka owó tó sọnù.

Nígbà tí ó kan òun náà,
ọ̀kadà ti kún gbogbo oríta. Ó kọ̀ wọ́n.
Kẹ̀kẹ́ ni ó ní òun fẹ́.
Táyà ẹ̀yìn ti jò. Mo de ìrọ̀rí mọ́ ọn,
mo gbé e jókòó, ó fúyẹ́
bí ẹni tí ó ti pín ara rẹ̀ kiri àdúgbò tán.
N ò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Mo bá ní, "Ẹ rántí ewúrẹ́ tó jẹ ṣòkòtò àlùfáà?"
Ó ní, "Ẹ̀wù ni. Ṣòkòtò kọ́."
A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdí igi ọsàn ilé Ọ̀ṣúntúyì nígbà náà,
ọ̀nà ṣì jìn,
mo ń tì í,
mo ń sọ̀rọ̀ iṣu, mo ń sọ̀rọ̀ òjò.